Bàbá Mi Fẹ́ Gba Ilẹ̀ ní Nullarbor

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí ìbéèrè kan ti há sí mi lọ́fun bí eegun ẹja. Bàbá mi ló bi mí lórí fóònù. Kò fi pa òwe, kò sì fi kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ kankan. Ilẹ̀ ló ń wá.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Perth padà dé Adelaide ní Australia níbí ni. Ọ̀rẹ́ mi kan bímọ níbẹ̀, a fẹ́ bá wọn sọ ọmọ lórúkọ. Ìyàwó mi ní dípò ká san owó bàlúù èèyàn mẹ́rin, ká kúkú rẹ́ǹtì káráfáànì, ká so ó mọ́ ìdí mọ́tò wa, kí àwọn ọmọ lè fojú rí orílẹ̀-èdè tí a bí wọn sí. Ni a bá gba Eyre Highway, ọ̀nà tó la pẹ̀tẹ́lẹ̀ Nullarbor já. Àlọ nìkan lé ní 2,600 kìlómítà.

Nígbà tí a padà délé, mo pe Bàbá ní Ìgbòho pé a ti dé láyọ̀. Ó ní kí n ròyìn ọ̀nà fún òun. Mo ròyìn. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò lè gbà gbọ́. Èèyàn á wakọ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, kò ní rí ilé kan. Kò sí igi, kò sí odò, kò sí oko. Ilẹ̀ lásán ni. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Mo ń gbọ́ ewúrẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá ní, "Ilẹ̀ tó pọ̀ tó báyẹn, tí kò ní olówó, ìwọ gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì, o ò sì gba éékà kan?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín o. Ọdún kẹta rè é tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí ti gbé e dé kóòtù, nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ta ilẹ̀ kan náà fún èèyàn méjì. Kì í fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣeré mọ́. Ó ní, "Ta ló wá ni ibẹ̀?"

Mo ní n óò wádìí.

Irọ́ ni mo pa, torí mo mọ ìdáhùn. Ọdún kẹsàn-án mi rè é ní Australia. Níbi iṣẹ́ mi, a kì í bẹ̀rẹ̀ ìpàdé láìkọ́kọ́ kí àwọn onílẹ̀, ìyẹn àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ní Adelaide, àwọn Kaurna là ń kí, èmi alára sì ti dìde ka ìkíni yẹn lẹ́ẹ̀melòó kan. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, orí mi wú, torí ó jọ ìbà létí mi. Àmọ́ nígbà tí èmi àti bàbá mi jọ wà lórí fóònù, tí mo ń sọ èdè abínibí mi, tí kò sí ọ̀gá kankan tó ń gbọ́ mi, "kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀" ló jáde lẹ́nu mi. Kò tilẹ̀ kọsẹ̀.

Ata rodo lẹ́nu ibodè

N kò ní fi ọ̀rọ̀ ìmúrasílẹ̀ dá yín dúró. Omi, epo, táyà àfikún, oúnjẹ: ẹni tó bá ti rin ọ̀nà jíjìn rí mọ̀ ọ́n. Ohun tí a ò rò tẹ́lẹ̀ ni ata.

Ìpínlẹ̀ Western Australia kì í gba èso tútù, ewébẹ̀ tàbí oyin wọlé bẹ́ẹ̀ yẹn láti ìpínlẹ̀ mìíràn, nítorí kòkòrò àti àrùn ohun ọ̀gbìn. Lẹ́nu ibodè, àwọn òṣìṣẹ́ á wọ inú káráfáànì, wọn á ṣí fìríìjì, wọn á yẹ inú kọ́bọ́ọ̀dù wò. Ìyàwó mi, ọmọ Ìjẹ̀bú, sì ti di ata rodo, tàtàṣé, àlùbọ́sà àti iṣu ńlá méjì, torí kò dá a lójú pé wọ́n á se ọbẹ̀ tó dáa níbi ìsọmọlórúkọ náà. Nígbà tó gbọ́ pé gbogbo rẹ̀ lè wọ inú garawa ìdọ̀tí ìjọba, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kàkà kí òun kó ata òun fún wọn, òun á sè é.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe sùn mọ́jú ní Nullarbor Roadhouse, ilé epo kan ṣoṣo tó dá dúró lójú pápá, tí ìyàwó mi ń din ata níta nínú otútù oṣù Keje. Atẹ́gùn gbé èéfín rẹ̀ yí gbogbo ibùdó ká. Gbogbo èèyàn ń sín. Bàbá òyìnbó kan láti káráfáànì ẹ̀gbẹ́ wa jáde wá béèrè bóyá nǹkan ń jó ni. Ó fi abọ́ ọbẹ̀ àti iṣu padà sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, omi ń jáde nímú rẹ̀, ó ní ó dùn. Irú wọn pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn: àwọn àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìntì, tí wọ́n so ilé mọ́ mọ́tò, tí wọn ò kánjú lọ síbì kankan. Òun ló sọ fún wa pé tí a bá ti kọjá Caiguna ní bíi kìlómítà márùn-ún, ká má sáré kọjá, ihò kan wà lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀ tó yẹ kí àwọn ọmọ rí.

Lọ́jọ́ kejì, a rí àwọn àbùùbùtán láti orí òkè etíkun ní Head of Bight, àwọn ìyá pẹ̀lú ọmọ wọn. A kọjá lẹ́nu ibodè, àwọn òṣìṣẹ́ ò rí nǹkan kan mú àfi oyin wa àti àlùbọ́sà kan tó yí sábẹ́ ìjókòó. A dé ibi tí aago fúnra rẹ̀ ti ya wèrè: láti ibodè yẹn títí dé Caiguna, aago tiwọn fi ìṣẹ́jú 45 ṣáájú ti Perth. Fóònù mi ò mọ èyí tí yóò tẹ̀ lé. Mo tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíra wọn lójú ọ̀nà. Awakọ̀ tó ń bọ̀ níwájú á gbé ìka kan sókè lórí ìtọ́kọ̀, ìwọ náà á gbé tìẹ. Ẹni tí kò bá dáhùn, kò gbẹ̀kọ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń kí ẹni tó ń bọ̀ láti oko nílé, a kì í bi í pé ọmọ ta ni kí a tó kí i.

Igi ti tán nígbà yẹn. Ohun tó kù ni igbó kúkúrú aláwọ̀ eérú tí kò dé orúnkún, tó tẹ́ lọ títí tí ojú fi dé òpin agbára rẹ̀.

Ibi tí ilẹ̀ ti ń mí

Pátákó kékeré kan ni wọ́n fi júwe ihò náà. Ká ní bàbá òyìnbó yẹn ò sọ ọ́ ni, ìsáré ni ǹ bá fi kọjá, torí iwájú ibẹ̀ gan-an ni ọ̀nà tí kò yà sọ́tùn-ún, tí kò yà sósì ti bẹ̀rẹ̀: kìlómítà 146 gbáko, láìsí kọ́nà kan ṣoṣo. Ọkàn mi ti wà lọ́hùn-ún.

Ihò lásán ni, nínú òkúta, kò jìnnà sí títì. Mo rò pé kànga àtijọ́ ni. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, ló kọ́kọ́ sún mọ́ ọn. Ó dojú bolẹ̀, ó gbójú lé ẹnu ihò náà, mo sì rí i tí ìlẹ̀kẹ̀ inú irun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Atẹ́gùn ò fẹ́ lójú títì nígbà yẹn. Láti ìsàlẹ̀ ló ti ń bọ̀.

Ó yíjú sí mi, ó ní, "Dádì, ilẹ̀ ń mí." Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, àmọ́ Yorùbá ni mo fi gbọ́ ọ.

Mo kúnlẹ̀, mo na ọwọ́ sí i. Afẹ́fẹ́ náà tutù bí ẹnu àmù. Àwọn tí a tọ́ dàgbà nílé tó ní àmù lábẹ́ òrùlé mọ ohun tí mo ń sọ: bí o bá ṣí ìdérí, kí o tó ti ife bọ̀ ọ́, ìtútù kan á kọ́kọ́ kí ọ lójú, tó ní òórùn amọ̀ àti omi àná. Òun gan-an ló jáde láti inú ilẹ̀ tí mo ti ń fi gbogbo òwúrọ̀ pè ní gbígbẹ. Mo ṣí fìlà mi, mo gbé e lé ẹnu ihò náà. Ó gbọ̀n rìrì, ó sì yí kúrò.

Àlàyé rẹ̀ kò le. Ìsàlẹ̀ òkun ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí, ní àìmọye ọdún sẹ́yìn, òkúta tó kù sí i sì jẹ́ irú èyí tí omi máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí odò lójú ilẹ̀ níbẹ̀: òjò tó bá rọ̀, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Abẹ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà, tó fẹ̀ tó bíi 200,000 kìlómítà níbùú lóròó, kún fún ihò àpáta, òmíràn nínú wọn sì ní omi nísàlẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ ìta bá wúwo, ihò kékeré wọ̀nyí á fà á sínú. Tí ó bá fúyẹ́, wọ́n á tú u jáde. Gbogbo ilẹ̀ náà, láti ìpínlẹ̀ kan dé èkejì, ń mí sínú, ó sì ń mí síta, bí àwọn ọkọ̀ ẹrù gígùn ṣe ń sáré kọjá lórí rẹ̀.

Ilẹ̀ ògẹ́rẹ́, afọkọ́yẹrí. Mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu, mi ò mọ ìgbà tí mo sọ ọ́. Ìyàwó mi wò mí bíi pé oòrùn ti pa mí lórí.

Ẹ wá wo ohun tó ń dùn mí. Ọwọ́ mi kan mímí ilẹ̀ yẹn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì sígbà náà, mo gbé fóònù, mo sì sọ fún bàbá mi pé ilẹ̀ lásán ni.

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ

Mo ti ronú sí i títí. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀rọ̀ yẹn ti wà nílẹ̀ de mi kí n tó débẹ̀. Nullarbor fúnra rẹ̀, èdè Látìn ni, "kò sí igi" ló túmọ̀ sí. Ní àwọn ọdún 1860 ni awọnlẹ̀ kan fún un lórúkọ náà. Ìsọmọlórúkọ là ń lọ o, a gbé orógbó àti oyin dání (oyin tiwa náà ò ré ibodè kọjá; Perth la ti ra òmíràn), a sì ń wakọ̀ lórí ilẹ̀ tí wọ́n sọ lórúkọ láìwo ilé ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi ohun tí kò ní pè é. Ta ló máa ń pe ọmọ rẹ̀ ní Kò-léyín?

Orúkọ ojú ọ̀nà náà tilẹ̀ tún burú jù. Ní 1841, Edward John Eyre, òyìnbó arìnrìn-àjò kan, rin etíkun yìí láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn, òùngbẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Àwọn onílẹ̀ ló júwe ibi tó ti lè gbẹ́ yanrìn kó tó rí omi. Wylie, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ìbílẹ̀ Noongar, ló bá a rìn ín dópin. Eyre wá di gómìnà Jamaica. Ní 1865, nígbà tí àwọn aláìní dìde ní Morant Bay, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pa èèyàn tó lé ní 400, wọ́n sì sun ilé wọn. Jamaica yẹn ni wọ́n kó lára àwọn èèyàn tiwa lọ. Títí dòní, ìletò kan ń jẹ́ Abeokuta níbẹ̀. Mo wa mọ́tò fún ọjọ́ mélòó kan lórí orúkọ ọkùnrin yìí, mò ń kọrin Ebenezer Obey fún àwọn ọmọ, mi ò mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó fún un lómi ò ní títì kankan.

Àrá

Ẹnì kan á ní kí ló wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Òótọ́ ni pé èèyàn ò pọ̀ níbẹ̀. Mi ò sọ pé Ìbàdàn ni. Àmọ́ díẹ̀ kì í ṣe òfo, àwọn tó bá sì sọ díẹ̀ di òfo máa ń ní iṣẹ́ kan tí wọ́n fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe.

Ní àríwá ọ̀nà tí a gbà, ibì kan wà tó ń jẹ́ Maralinga. Ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ ni, "àrá" ló túmọ̀ sí, àmọ́ èdè àwọn èèyàn tó wà lókè réré ní àríwá ni wọ́n ti yá a. Kì í tilẹ̀ ṣe ti àwọn onílẹ̀ ibẹ̀. Láàrin 1956 sí 1957, ìjọba Bìrìtìkó yin bọ́ǹbù átọ́míìkì méje níbẹ̀, àwọn ìdánwò kéékèèké tó sì tún ba ilẹ̀ jẹ́ ń lọ títí di 1963. Wọ́n ní kò sí ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ wọ́n rán òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń mójú tó àwọn onílẹ̀, Walter MacDougall, pé kó máa lọ kó àwọn èèyàn tí kò sí náà kúrò lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ju gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lọ. Wọ́n ri pátákó ìkìlọ̀ mọ́lẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sí i, fún àwọn tí kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ní Ooldea, níbi tí omi wà, ni wọ́n ti kó wá sí Yalata ní 1952.

Yalata wà lójú ọ̀nà wa. A gba ibẹ̀ kọjá. Ọmọ mi ọkùnrin béèrè ibi tí a dé, mo ní kò tíì sí níbi kankan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Australia nìkan ṣe ẹlẹ́bi. Ní 1960, Faransé ń yin bọ́ǹbù átọ́míìkì ní Reggane, nínú aginjù Sàhárà, àlàyé kan náà ni wọ́n sì ṣe. Nàìjíríà ò tíì pé oṣù mẹ́rin tó gba òmìnira nígbà tí ìjọba Tafawa Balewa lé aṣojú Faransé kúrò nílẹ̀ wa ní oṣù Kìíní 1961 nítorí rẹ̀. Àwọn bàbá wa mọ̀ nígbà yẹn pé aginjù ẹnì kan, ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn ni. Èmi ọmọ wọn ni mo gbàgbé.

Mi ò sì yẹ lẹ́ni tó ń gbàgbé, torí Ìgbòho ni mo ti wá. Ilé Aláàfin ni Ìgbòho fúnra rẹ̀ nígbà kan. Mẹ́rin nínú wọn ló sùn síbẹ̀. Tí o bá sì ti ọ̀dọ̀ wa wọ inú ọgbà ẹranko ìjọba tó wà lápá àríwá, Ọ̀yọ́-Ilé lò ń tẹ̀ yẹn. Bàbá mú mi débẹ̀ nígbà tí mo wà ní girama. Odi tó ti wó, àpáàdì, koríko tó ga ju èmi lọ. Mo ní, "Bàbá, igbó ni." Ó ní, "Ní ojú ẹ." A tún rìn díẹ̀, ó sì ń yẹra fún àwọn ibi kan bí ẹni tó ń rìn gba àgbàlá onílé kọjá.

Odindi ọgbọ̀n ọdún ó dín díẹ̀ nìyẹn. Mo tún sọ ọ́ fún un lórí fóònù pẹ̀lú ẹnu kan náà.

Mo pe Bàbá padà

Fún nǹkan bí igba ọdún, òfin Australia gbà pé ilẹ̀ náà ò ní olówó nígbà tí òyìnbó dé. Ọdún 1992 ni kóòtù wọn tó ga jù lọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wó àbá yẹn, nínú ẹjọ́ tí Eddie Mabo àtàwọn ará erékùṣù rẹ̀ pè. Eddie Mabo ti kú ní oṣù mélòó kan kí ìdájọ́ náà tó jáde. Ní 2013, kóòtù gbà pé àwọn Mirning, àwọn Wirangu, àwọn Kokatha àtàwọn mìíràn ní ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ sí etíkun South Australia tí a gbà kọjá. Àwọn ará òdìkejì ibodè gba tiwọn lẹ́yìn náà. Gbogbo èyí ni mo kọ sórí ìwé kan, torí mo mọ̀ pé Bàbá á bi mí léèrè.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo pè é. Mo kí i, mo béèrè ìlera, a sọ ti ewúrẹ́ tó bí ìbejì. Mo wá ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ọjọ́sí, mo ti wádìí. Ó ní àwọn tó ni ín."

Ó ní, "Mo mọ̀ pé wọn ò ní ṣàìsí. Kí ni wọ́n ń jẹ́?"

Mo dárúkọ wọn. Ó pe Mirning lẹ́ẹ̀mejì, títí tó fi gún lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ṣé wọ́n ń tà á?"

Mo ṣàlàyé pé irú ẹ̀tọ́ tí kóòtù fún wọn yẹn, kò ṣeé tà. Ti gbogbo ẹbí ni, àwọn tó ti lọ, àwọn tó wà láyé, àwọn tó ń bọ̀. Kò sí ọmọ kan tó lè dá bù lára rẹ̀, kó lọ tà á fún àjèjì.

Bàbá ò fọhùn. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Mo ní, "Bàbá, ẹ ń gbọ́ mi?"

Ó ní, "Níbo ni wọ́n ti ṣe irú òfin yẹn?"

Mo ní ní Canberra ni, ní 1993.

Ó ní kí n rọra pe orúkọ ìlú náà. Mo gbọ́ tó ń pe àbúrò mi obìnrin pé kó mú bírò wá. Ó ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa, kí n fi ránṣẹ́ sí lọ́yà òun lórí WhatsApp kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, torí ọjọ́ náà ni wọ́n tún ń padà sí kóòtù.